Ojú Ọ̀bẹ sí Àyà Rẹ

Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, igba kílò ẹran bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ ìlọran ńlá tí ó wà ní gbọ̀ngàn kejì ilé iṣẹ́ náà. Ẹran náà kò rùn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣá. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jáde bí amọ̀. Ẹran tí a bá lọ̀ dáadáa a máa jáde ní fọ́nrán-fọ́nrán, pupa rẹ̀ á dá dúró, ọ̀rá funfun rẹ̀ á dá dúró. Ti ọjọ́ náà pò mọ́ ara rẹ̀, ó ń dán, ó sì lẹ̀ mọ́ ọpọ́n. Nígbà tí mánẹ́jà fi ìka kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àlejò mẹ́ta ni ó dúró níwájú ẹ̀rọ tí wọ́n rí i. Olùra ẹran fún àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi wá ni láti mọ̀ bóyá wọn yóò máa ra ẹran lílọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin tí ó wà láàárín wọn pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé láìkọ nǹkan kan sí i.

Mánẹ́jà kọjú sí ọkùnrin tí ó ń ṣe àkóso ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ ni?"

Ọkùnrin náà kò ronú. "Ẹ̀rọ mi kọ́," ó ní. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tò ó. Ẹran gbígbóná ni wọ́n gbé wá fún mi."

Gbólóhùn mẹ́ta ni ó sọ. Èyí tí ó wà láàárín nìkan ni ó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Ojú-Ìka ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, torí wọ́n ní ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ojú. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn iṣẹ́, òun ni ó ń tú orí ẹ̀rọ náà palẹ̀ láti fọ̀ ọ́, òun náà ni ó sì ń tò ó padà ní àárọ̀. Irin lílọ́ tí ó ń ti ẹran síwájú ni ó ń kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀bẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á wá jókòó sí ṣóńṣó irin náà. Àwo irin oníhò, tí ó nípọn tó ìka méjì, á bo ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, òrùka ńlá kan á sì fún gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀bẹ náà tẹ́jú, ó sì mú. Èyí ni wọ́n ń pè ní ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ẹ̀yìn. Ojú ni ó gbọ́dọ̀ fara ti àwo, nítorí láàárín àwọn méjèèjì ni a ti ń gé ẹran. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ó fara ti àwo, kò sí gígé mọ́. Ṣe ni ẹran á máa fún mọ́ra, tí á máa ra ara rẹ̀ mọ́ irin, títí yóò fi gbóná.

Nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ẹni tuntun níṣẹ́, ó rí i pé àlàyé gígùn ń dà wọ́n lórí rú. Ó wá sọ ọ́ ní kúkúrú: kí olúwarẹ̀ dúró síwájú ẹ̀rọ, kí ó jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ máa wo àyà òun. Òun ni ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri lókè ẹ̀rọ náà: OJÚ Ọ̀BẸ SÍ ÀYÀ RẸ. Láti ìgbà tí ó ti kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnì kankan kò tò ó ṣì.

Ó tún ní eré kan. Yóò di ojú rẹ̀, yóò sì to gbogbo orí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó ka oókan dé ogún. Iyàn tí òun àti Alásọ́séèjì jọ jà ni ó bí eré náà. Obìnrin tí ó ń rọ ẹran sínú awọ sọ́séèjì ni Alásọ́séèjì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Iyàn parí, eré kò parí. Bí àlejò bá ti dé, wọn á ní kí Ojú-Ìka ṣe é.

Ní Ọjọ́rú náà, mánẹ́jà fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí a ní." Iwájú ẹ̀rọ gan-an ni àwọn àlejò dúró sí. Bí Ojú-Ìka bá dúró síbi tí ó máa ń dúró sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn yóò máa wò. Nítorí náà ó bọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì na ọwọ́ méjèèjì yí orí rẹ̀ ká bí ẹni tí ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọdé láti ẹ̀yìn. Ó di ojú. Wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́tàdínlógún, òrùka ti fún pinpin. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní òun ti rin ilé iṣẹ́ ogójì, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó ní ohun kan tí ó máa ń ṣe kí ó tó gbé àwo bo ọ̀bẹ: yóò fi àtàǹpàkò ra ojú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Lọ́jọ́ náà, kò ṣe é. Ó fẹ́ kí ó bọ́ sí mẹ́tàdínlógún.

Obìnrin tí ó ń tọ́jú iyàrá yìnyín ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ojú-Ìka. Ìyá Yìnyín ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjìlélógún ni ó ti lò níbẹ̀. Òun ni ó mú Ojú-Ìka wọ ilé iṣẹ́ náà, òun náà ni ó fi àbúrò rẹ̀ hàn án. Ẹ̀wù òtútù méjì ni ó máa ń wọ̀ léra, fìlà onírun kì í kúrò lórí rẹ̀ kódà bí oòrùn bá ń dá ilẹ̀ lóró, kọ́kọ́rọ́ iyàrá náà sì máa ń rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú okùn. Alásọ́séèjì a máa sọ pé bí Ìyá Yìnyín bá fẹ́ atẹ́gùn sí tíì, ẹni tí ó ni ín á ní láti fi eyín jẹ ẹ́.

Mánẹ́jà lọ wo tẹmómítà iyàrá yìnyín. Ó yẹ kí ó wà ní dígírì méjì. Ó wà ní méje.

"Àwọn àlejò ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè," Ìyá Yìnyín ṣàlàyé. "Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló gbóná. Ẹran kì í yára gbóná bẹ́ẹ̀."

"Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ kan ẹran inú ọpọ́n. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóòótọ́.

Mánẹ́jà kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni ó tẹ́ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gba kọ́kọ́rọ́ ná."

Nígbà tí ó ń bọ́ okùn náà gba orí, fìlà já bọ́. Kò sí ẹni tí ó rí irun rẹ̀ rí ní ilé iṣẹ́ náà. Ó ti funfun láti iwájú dé ìpàkọ́. Ojú-Ìka wà níbẹ̀, ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i. Ó wo ilẹ̀ nítorí pé àánú rẹ̀ ṣe é. Àánú ni ó ṣì jẹ́ títí di ọ̀sán.

Ní aago méjì ó tú òrùka ẹ̀rọ, ó gbé àwo kúrò, ó sì rí i pé ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni ó ń wo òun.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni kò ríran dáadáa. Ó fi àtàǹpàkò ra á. Kò mú. Ó na ìka sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí ó kọjú sí irin lílọ́, ibẹ̀ sì mú bí abẹ tuntun.

"Ojú-Ìka," Alásọ́séèjì pè é láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ọ̀bẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni? O ti dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ àtibí ọmọ."

"Mo ń fọ̀ ọ́ ni."

"Omi dà? Ṣé itọ́ lo máa fi fọ̀ ọ́?"

Ó yọ ọ̀bẹ náà, ó sọ ọ́ sínú agbada omi gbígbóná, ó sì yí i po pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì títí kò fi sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ bí ó ṣe jókòó tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà. Bí wọ́n bá bi í léèrè ní wákàtí náà, yóò sọ pé òun kò fi nǹkan kan pamọ́, ọ̀bẹ ni òun fọ̀.

Ó pinnu láti sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mánẹ́jà. Ìwé kan wà lára pátákó tí ó wà níbẹ̀: láti ọjọ́ Ajé, Ìyá Yìnyín yóò kúrò ní iyàrá yìnyín, yóò máa gbá àgbàlá, yóò sì máa fọ àwọn agbọ̀n ike. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ ohùn mánẹ́jà nínú ọ́fíìsì, ó ń bẹ àwọn olùra lórí fóònù, wọn kò sì gbà. Ojú-Ìka padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n jókòó láti jẹun, Alásọ́séèjì nu ẹnu rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́? Yìnyín ti yọ́. Gbálẹ̀gbálẹ̀ ni wọ́n fi omi rẹ̀ ṣe."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú-Ìka náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí ó ṣe lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀rín yẹn ni kò lè dárí ji ara rẹ̀ fún títí di òní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Yìnyín wá sí ilé wọn. Kò wọ ẹ̀wù òtútù, kò dé fìlà. Ó kéré sí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyàwó Ojú-Ìka fún un ní àga tí ó sún mọ́ fèrèsé, ọkọ rẹ̀ sì gbé omi wá.

"Àna mi, má jókòó jìnnà," Ìyá Yìnyín wí. "Ìwọ gan-an ni mo wá bá."

"Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lọ́jọ́ kìíní mo ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mo wá rántí pé mo dúró ti àwọn àlejò yẹn lóòótọ́, mò ń ṣàlàyé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ka ìwé fún ọba. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ogún. Mi ò mọ̀ mọ́. Àìmọ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Àbí ara ti ń di ara àgbà?"

"Àgbà wo, ẹ̀gbọ́n mi?" àbúrò rẹ̀ dáhùn. "Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ṣa òkúta inú ìrẹsì kí èmi tó rí awò ojú mi."

Ìyá Yìnyín rẹ́rìn-ín díẹ̀. Omijé sì bọ́ lójú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún bí ẹni tí ó ń nu òógùn.

"Mo ti lọ bá mánẹ́jà lánàá. Mo ní kó dárí jì mí, pé èmi ni mo jẹ̀bi."

Ife omi ṣì wà lọ́wọ́ Ojú-Ìka. "Ẹ ní ẹ̀yin ni?"

"Ta ni kí n ní? Ìwọ lo sọ pé ẹ̀rọ kọ́. O lè purọ́ fún ìyàwó rẹ pé o ti jẹun, o ò lè purọ́ lórí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ ọ́." Ó sún àga rẹ̀ síwájú. "Bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé. Bá mi bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ń wọ̀ ọ́ létí. Sọ òótọ́ kan fún mi pẹ̀lú: kí ẹran tó gbóná tó ti ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ni ilẹ̀kùn máa fi wà ní ṣíṣí? Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe ṣẹ̀ tó."

"A jọ máa lọ," Ojú-Ìka wí. Kò dáhùn ìbéèrè kejì.

Ìyá Yìnyín mu omi náà tán. Kí ó tó lọ, ó fọ ife rẹ̀, ó sì dà á dé síbi tí ó máa ń wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyàwó Ojú-Ìka bá ọkọ rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ọkùnrin náà ti gbé ìkòkò sórí tábìlì, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì yí i ká, ìdérí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé ìdérí náà síwájú, ó ń gbé e kúrò. Títí di ìgbà náà, ó mọ̀ pé òun to ọ̀bẹ ṣì, kò mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wá hàn sí i kedere. Òfin tí òun fi ọ̀dà kọ ni òun tẹ̀lé. Ojú ọ̀bẹ wo àyà òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà òun wà lódìkejì ẹ̀rọ.

"Kí lo ń fi ìdérí ìkòkò ṣe?"

Ó sọ ọ́ fún un, láti orí dé ìdí. Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ó gba ìdérí náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi sunkún nínú ilé yìí lánàá."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo gbé omi fún un."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o rò pé mo máa bá ọ sọ ọ́ fún un? Mi ò ní sọ ọ́. Ẹnu tó ní ẹ̀rọ kọ́ ni yóò sọ pé ẹ̀rọ ni."

Ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n bá mánẹ́jà ní gbọ̀ngàn kejì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń de aṣọ iṣẹ́ mọ́ra. Ìyá Yìnyín wọ aṣọ tí ó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ìgbálẹ̀ ní ẹnu géètì, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀ kí ó má baà hàn.

"Ọ̀gá wa," ó bẹ̀rẹ̀, "mo tún ti dé. Àna mi ló sìn mí wá. Mo mọ̀ pé àṣìṣe mi—"

"Ẹ dúró, ẹ̀gbọ́n mi," Ojú-Ìka wí. Ó kọjú sí mánẹ́jà. "Ọ̀bẹ ni. Èmi ni mo tò ó ní òdìkejì. Ẹran wọn kò gbóná."

Mánẹ́jà wò ó, ó wo Ìyá Yìnyín, ó sì mi orí. "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ni wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ yín wọ̀ mí létí. Ẹ má wá ba orúkọ ara yín jẹ́ nítorí ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa to ọ̀bẹ ṣì."

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rere rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí òtítọ́ wọlé. Ojú-Ìka lọ sí iyàrá yìnyín tí mánẹ́jà ti ṣí láàárọ̀, ó sì gbé kílò mẹ́wàá ẹran jáde fúnra rẹ̀. Tẹmómítà tí ó kì bọ̀ ọ́ fi dígírì méjì hàn, ó ní kí mánẹ́jà kà á sókè. Ó wá bọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Kà á fún mi," ó sọ fún Alásọ́séèjì.

"Ṣé eré la fẹ́ ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Kà á."

Ó di ojú. Alásọ́séèjì ń kà. Ní mọ́kàndínlógún, òrùka fún. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì da ẹran sí i lẹ́nu. Amọ̀ ni ó jáde, ó ń dán, ó ń lẹ̀. Mánẹ́jà fọwọ́ kàn án. Ó pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ojú-Ìka tú òrùka, ó gbé àwo kúrò níwájú gbogbo wọn, ẹ̀yìn ọ̀bẹ sì ń wò wọ́n.

Alásọ́séèjì kò sọ nǹkan kan. Ì bá tẹ́ Ojú-Ìka lọ́rùn kí ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" mánẹ́jà béèrè.

"Láti aago méjì ọ̀sán."

"Ti ọjọ́ Ẹtì?"

"Ti Ọjọ́rú."

Ìyá Yìnyín gbé ìgbálẹ̀ wá síwájú, ó sì fi í ti ara ògiri jẹ́jẹ́. "O jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní kí o sọ bí mo ṣe ṣẹ̀ tó fún mi."

Ojú-Ìka fẹ́ sọ pé ojú ti òun. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kéré, kò lè bo ohun tí ó wà nílẹ̀, ó sì gbé e mì.

Mánẹ́jà mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi nà án. Ìyá Yìnyín fi okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn lórí aṣọ dáradára náà. Kò wo àna rẹ̀ mọ́. Mánẹ́jà ni ó bá sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ fún ọ̀gá ẹ̀rọ kó wá gba ẹran rẹ̀ ní aago mẹ́jọ."

Ìyá Yìnyín ti ń pè é ní àna láti ọjọ́ tí Ojú-Ìka ti fẹ́ àbúrò rẹ̀. Lójú gbogbo wọn, ó di ọ̀gá ẹ̀rọ.

Mánẹ́jà kò lé e kúrò níṣẹ́. Ó kọ̀wé sí àwọn olùra mẹ́ta náà láti ṣàlàyé, wọn kò sì fèsì. Ó ṣe òfin tuntun pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé àwo bo ọ̀bẹ títí ẹlòmíràn yóò fi fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó béèrè ẹni tí yóò máa ṣe é. Ìyá Yìnyín ní, "Èmi."

Ojú-Ìka fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀dà funfun pa ohun tí ó wà lára ògiri rẹ́, ó sì kọ òmíràn lé e: OJÚ Ọ̀BẸ SÍ ÀWO. Ọ̀dà funfun náà kò ki tó. Títí di òní, bí oòrùn bá yọ sí i láti fèrèsé, pupa ti tẹ́lẹ̀ a máa hàn lábẹ́ rẹ̀.

Ní gbogbo òwúrọ̀, Ìyá Yìnyín a jáde láti inú iyàrá yìnyín pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù méjì àti fìlà rẹ̀. Ojú-Ìka á ti dúró síwájú ẹ̀rọ, àwo oníhò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wúwo.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀gá ẹ̀rọ, ẹ káàárọ̀."

Kì í fi *o* bá a sọ̀rọ̀ mọ́. *Ẹ* ni, bí ẹni ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Á bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, á fi àtàǹpàkò ra ojú ọ̀bẹ láti ẹsẹ̀ kìíní dé ẹsẹ̀ kẹrin, kò ní kánjú, á sì mi orí sí ọ̀bẹ náà. Ìgbà náà ni Ojú-Ìka tó lè gbé àwo síbẹ̀. Òtútù ìka rẹ̀ a máa fi ìrì díẹ̀ sílẹ̀ lára irin náà, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ojú-Ìka máa ń dúró kí ó gbẹ tán.